Ẹ Jẹ́ Kí Ẹ̀rọ Sùn, Kí Òkúta Rẹ̀ Lè Pẹ́



Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ọ̀rọ̀ oorun ni. Kì í ṣe oorun ènìyàn. Oorun ẹ̀rọ ni. Èrò mi ni pé ẹ̀rọ tó ń fi rédíò ránṣẹ́ láti oko tàbí láti ilé ìlera, tó sì jẹ́ pé òkúta ló ń lò, gbọ́dọ̀ mọ oorun sùn. Bí kò bá mọ oorun sùn, kí abúlé má gbà á. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí lè le létí àwọn kan, pàápàá àwọn tó ń gbé ẹ̀rọ wá fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Bí ẹ bá kà á tán, kí ẹ̀yin náà sọ tiyín.

RÉDÍÒ WO LÀ Ń WÍ?

Bí a bá dárúkọ rédíò, ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rò pé èyí tó ń sọ ìròyìn ni. Rédíò tí mò ń wí yìí kì í sọ̀rọ̀, kì í sì í kọrin. Ó kéré gan-an. Òmíràn kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Wọ́n máa ń so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń wọn nǹkan. Ọ̀kan lè máa wọn bí omi ṣe pọ̀ tó nínú ilẹ̀ ọgbà tòmátì. Ọ̀kan lè máa wọn òjò. Òmíràn lè máa wọn bí fìríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára ṣe tutù tó. Ẹ̀rọ náà á wọn nǹkan, rédíò náà á sì fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ láìsí wáyà. Èmi ń pè é ní rédíò ajíṣẹ́, torí pé iṣẹ́ tí wọ́n bá rán an ló ń jẹ́.

Oríṣiríṣi rédíò ajíṣẹ́ ló wà. Àwọn kan ń lo Wi-Fi. Wi-Fi kì í lọ jìnnà, ó sì ń jẹ òkúta púpọ̀. Àwọn mìíràn ń lo LoRa. Ilé iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Cycleo, ní ìlú Grenoble ní ilẹ̀ Faransé, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní ọdún 2012, Semtech, ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà, ra Cycleo. Iṣẹ́ tí LoRa ń jẹ́ kúkúrú ni, nọ́ńbà díẹ̀ péré. Ṣùgbọ́n ó lè rin kìlómítà mélòó kan níbi tí òkè tàbí ilé kò bá ti dí i lọ́nà. Ìdí nìyí tí ó fi bá oko mu.

Rédíò yìí kò ṣàjèjì sí yín. Ó wà nínú pọ́tábù tí ẹ mú lọ́wọ́. Bí pọ́tábù bá dákẹ́ nínú àpò yín, ẹ má rò pé rédíò rẹ̀ wà lójúfò ní gbogbo ìgbà. Ó ń sùn, ó ń jí. Nínú GSM, pọ́tábù tí ẹnikẹ́ni kò pè lè máa jí ní bíi ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá sí ìṣẹ́jú-àáyá méjì, láti gbọ́ bóyá ẹnìkan ń pe òun. Bí kò bá gbọ́ nǹkan, ó tún padà sùn. Òun ló jẹ́ kí pọ́tábù kékeré lè lo ọjọ́ mélòó kan kí ẹ tó tún gbé e lọ gba iná. Bí kò bá mọ oorun sùn ni, kò ní fi bẹ́ẹ̀ pẹ́.

Ẹ̀yin náà ti rí i pé níbi tí rísọ̀ kò ti dára, òkúta pọ́tábù kì í pẹ́. Ìdí rẹ̀ ni pé pọ́tábù kò rí oorun sùn dáadáa níbẹ̀. Ó ń wá rísọ̀ kiri. Bó bá sì fẹ́ sọ̀rọ̀, ó ní láti pariwo kí òpó tó lè gbọ́ ọ.

ÌKÒKÒ OMI

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò díẹ̀. Ìṣirò yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà dá lé.

Òkúta iná, tí àwọn mìíràn ń pè ní píìlì, dà bí ìkòkò omi. Bí ìkòkò bá gba omi púpọ̀, ó máa pẹ́. Bí ẹni tó ń mu ún bá pọ̀, kò ní pẹ́. Ohun tí òkúta gbà ni wọ́n ń kọ ní mAh. Ohun tí ẹ̀rọ ń mu ni wọ́n ń kọ ní mA. Bí òkúta bá gba 2,000 mAh, tí ẹ̀rọ sì ń mu 1 mA, òkúta á lo wákàtí 2,000. Bí ẹ̀rọ bá ń mu 10 mA, á lo wákàtí 200. A kàn ń pín in ni.

Ẹ mú òkúta kékeré méjì tí wọ́n kọ LR6 sí lára. Ẹ tò wọ́n tẹ̀ léra. Wọ́n á fún yín ní fóòtì 3, àti nǹkan bíi 2,000 mAh. Ẹ ṣọ́ra o: èyí tí wọ́n kọ R6 sí, láìsí L níwájú rẹ̀, kò gbà tó bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ ìdajì, tàbí kó má tó ìdajì. Ìwọ̀n wọn dọ́gba, ojú wọn jọra, ṣùgbọ́n agbára wọn kò dọ́gba. Ẹ ka ohun tó wà lára rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á fi òkúta méjì yìí fún rédíò LoRa tó ń tẹ́tí sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Bí ó bá ń tẹ́tí, ó ń mu nǹkan bíi 12 mA. 2,000 pín sí 12 jẹ́ wákàtí 166. Ìyẹn ò tó ọjọ́ 7 pé. Ọ̀sẹ̀ kan péré, òkúta ti kú.

Ẹ tún wo Wi-Fi. Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń pè ní ESP32, ó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Bí Wi-Fi rẹ̀ bá ń tẹ́tí, ó ń mu nǹkan bíi 100 mA. 2,000 pín sí 100 jẹ́ wákàtí 20. Kò ní rí aago kan náà lọ́jọ́ kejì.

Ẹ wá wo èyí tó ń sùn. Ká ní ó ń jí lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí kan. Ó wọn ilẹ̀, ó ránṣẹ́, gbogbo rẹ̀ gba ìṣẹ́jú-àáyá méjì, ó sì mu 40 mA láàárín ìṣẹ́jú-àáyá méjì yẹn. Lẹ́yìn náà ó sùn. Nínú oorun, ká ní gbogbo ẹ̀rọ náà ń mu 0.01 mA. Ìyẹn ni pé bí ẹ bá pín mA kan sí ọ̀nà 100, ọ̀kan péré ló ń mu. Bí ẹ bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ohun tó ń mu ní wákàtí kan jẹ́ nǹkan bíi 0.032 mAh. 2,000 pín sí 0.032 jẹ́ wákàtí 62,500. Lórí ìwé, ìyẹn ju ọdún 7 lọ.

Mo ní lórí ìwé ni o. Òkúta kì í dúró ní ọdún 7 nínú oòrùn wa. Ooru ń jẹ ẹ́, òun fúnra rẹ̀ sì ń tán díẹ̀díẹ̀ bí a kò tilẹ̀ lò ó. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí á gé e kúrú, kí á sọ pé a ó máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún. Ọdún kan ni yẹn sí ọ̀sẹ̀ kan. Rédíò kan náà, òkúta kan náà, oko kan náà. Oorun nìkan ló yàtọ̀.

TA NI YÓÒ SANWÓ?

Ibí yìí gan-an ló kàn wá. Ká ní ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kan ní rédíò ajíṣẹ́ 10 nínú ọgbà wọn. Ká ní òkúta LR6 kan jẹ́ 150 fráǹkì.

Bí rédíò kò bá sùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ òkúta 2 lọ́sẹ̀. Ní ọdún kan, ó jẹ́ 104. Rédíò 10 á jẹ 1,040. Owó rẹ̀ jẹ́ 156,000 fráǹkì.

Bí rédíò bá ń sùn, tí ẹ ń pààrọ̀ òkúta lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, rédíò 10 á jẹ òkúta 20. Owó rẹ̀ jẹ́ 3,000 fráǹkì.

Ẹ fi iye tí òkúta jẹ́ ní ọjà yín rọ́pò 150 tí mo kọ, kí ẹ tún un ṣe fúnra yín. Ẹ ó rí i pé ìyàtọ̀ náà kò lọ.

Àjọ tó gbé ẹ̀rọ wá lè ra òkúta fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́. Wọ́n lè rà á fún ọdún kan. Lẹ́yìn náà, wọn á lọ. Ìgbà yẹn ni ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ á wá máa yọ owó àpò ara rẹ̀. Ó lè ṣe é fún oṣù kan, kó ṣe é fún oṣù méjì. Ní oṣù kẹta, owó ìwé ọmọ á dé, ẹ̀rọ á sì dákẹ́. Àwọn ènìyàn á wá máa sọ pé ẹ̀rọ òyìnbó kò dára fún abúlé. Irọ́ ni. Ẹ̀rọ náà dára. Wọn kò kàn jẹ́ kó sùn ni.

Kí ẹ sì má rò pé nítorí tálákà nìkan ni wọ́n ṣe ń jẹ́ kí rédíò sùn. Ní ọdún 2002, àwọn onímọ̀ kan láti yunifásítì Berkeley ní Amẹ́ríkà kó irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ 32 lọ sí erékùṣù Great Duck, ní ìpínlẹ̀ Maine. Wọ́n fẹ́ mọ bí ẹyẹ òkun kan ṣe ń gbé nínú ihò ilẹ̀, láìsí pé ènìyàn ń lọ da ẹyẹ náà láàmú. Òkúta kékeré méjì ni ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní. Wọ́n fẹ́ kí ó lo oṣù 9. Àwọn yẹn kì í ṣe aláìní, síbẹ̀ oorun ni wọ́n gbára lé.

ÌTÒÒGBÉ KÌ Í ṢE OORUN

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ dùn yín nínú. Ẹlòmíràn á sọ pé ẹ̀rọ òun ń sùn, kò sì sùn. Ó ń tòògbé ni.

Ẹ̀rọ LoRa kan wà tó gbajúmọ̀, SX1276 ni orúkọ rẹ̀. Ìwé rẹ̀ sọ pé bí ó bá ń tòògbé, ó ń mu 1.6 mA. Bí ó bá sùn ìjìkà, ó ń mu 0.0002 mA. Ẹ wo bí ìyàtọ̀ yẹn ṣe pọ̀ tó. Ìtòògbé nìkan lè jẹ òkúta méjì tán ní nǹkan bí ọjọ́ 52. Oorun ìjìkà kò tilẹ̀ lè ta òkúta lára.

Ohun kejì ni àwọn alábàágbé rẹ̀. Rédíò lè sùn kí àwọn tó wà nítòsí rẹ̀ má sùn. Ẹ wo iná pupa kékeré tí wọ́n máa ń fi sára ẹ̀rọ láti fi hàn pé ó wà láàyè. Iná bẹ́ẹ̀ lè máa mu 2 mA. 2,000 pín sí 2 jẹ́ wákàtí 1,000, ìyẹn nǹkan bí ọjọ́ 41. Iná kékeré tí ẹnikẹ́ni kò wò nínú oko lóru ló ń jẹ òkúta yín! Bákan náà ni ẹ̀yà kan wà tó ń dín agbára iná kù kó tó dé ọ̀dọ̀ rédíò. Irú rẹ̀ kan tó wọ́pọ̀ lára ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú ń mu nǹkan bíi 5 mA nígbà tí kò ṣe iṣẹ́ kankan. Ọjọ́ 16 péré ni òun nìkan fi ń jẹ òkúta 2,000 mAh tán. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Ohun kẹta ni irin tí wọ́n tì bọ ilẹ̀. Ó yẹ kí òun náà sùn. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé irin méjì tó hàn síta ni wọ́n fi ń wọn omi ilẹ̀. Bí iná bá ń gba ara irin náà kọjá ní gbogbo ìgbà nínú ilẹ̀ tútù, irin náà á jẹrà kíákíá, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í purọ́. Bí iná bá kàn gba ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá kan ní wákàtí kan, irin náà á pẹ́. Nítorí náà oorun kì í ṣe tòkúta nìkan. Ó ń dáàbò bo ẹ̀rọ fúnra rẹ̀.

OHUN TÍ ÀWỌN TÍ KÒ GBÀ Ń SỌ

Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́rin lẹ́nu àwọn tí kò gbà. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Wọ́n ní: «Bí iná kò bá tàn lára ẹ̀rọ, báwo la ṣe máa mọ̀ pé kò tíì kú?» Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé kí ẹ̀rọ máa fi fóòtì òkúta rẹ̀ kún gbogbo iṣẹ́ tó bá ń jẹ́. Òkúta méjì tuntun jẹ́ nǹkan bíi fóòtì 3. Bó bá ti ń sún mọ́ 2, ẹ múra láti pààrọ̀ rẹ̀. Bó bá sì kọjá wákàtí mẹ́ta tí ẹ kò gbọ́ nǹkankan láti ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ tó ń ránṣẹ́ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, ẹ lọ wò ó. Èyí sàn ju iná pupa lọ, torí ẹ kò ní láti rìn dé oko kí ẹ tó mọ̀.

Wọ́n ní: «A fẹ́ mọ ohun tó ń lọ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan.» Mo bi yín, kí ni ẹ fẹ́ fi ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ṣe? Ilẹ̀ kì í gbẹ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó ń bomi rin ọgbà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ nìkan, bí ó bá gbọ́ ìròyìn ilẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, ó ti pọ̀ tó. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́ pàápàá, kò burú. Nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni kò lò, òfo ni, òkúta ló sì fi jẹ.

Wọ́n ní: «Bí ẹ̀rọ bá sùn tí òjò dé ńkọ́?» Ẹni tó sùn lè jí bí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn. Ẹ̀rọ òjò kan wà tó ní ṣíbí kékeré méjì nínú. Bí omi bá kún ọ̀kan, ó dà nù, ìkejì sì gbà á. Àwọn kan ń dà bí òjò bá ti tó ìdá márùn-ún mìlímítà. Ní gbogbo ìgbà tó bá dà, ó ń kan ilẹ̀kùn fún ẹ̀rọ tó sùn. Ẹ̀rọ á jí, á kà á, á padà sùn. Òjò kankan kò bọ́.

Wọ́n ní: «Ẹ kúkú fi páńẹ́lì oòrùn sí i.» Èmi kò kórìíra páńẹ́lì oòrùn. Ṣùgbọ́n eruku ọyẹ́ máa ń bò ó. Ewé àgbàdo máa ń ṣíji bò ó. Nígbà òjò, oòrùn lè má yọ dáadáa fún ọjọ́ mélòó kan. Olè sì fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ní páńẹ́lì tí kò sì mọ oorun sùn nílò páńẹ́lì ńlá àti òkúta ńlá. Ẹ̀rọ tó mọ oorun sùn, páńẹ́lì kékeré tó bí àtẹ́lẹwọ́ á tó o, tàbí kó má nílò rẹ̀ rárá. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó sùn ná. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá sọ̀rọ̀ páńẹ́lì.

ỌJỌ́ ỌJÀ KÒ GBỌDỌ̀ YẸ̀

Oorun ní ìṣòro tirẹ̀ o. Èmi kò ní fi pa mọ́ fún yín.

Ẹ̀rọ tó sùn kò gbọ́ ohun tí ẹ bá bá a sọ. Nínú LoRaWAN, ìyẹn òfin tí àwọn oní-LoRa gbé jáde ní ọdún 2015, bí wọ́n ṣe yanjú rẹ̀ nìyí. Ẹ̀rọ àgbà kan wà tí kì í sùn. Ó wà lórí òpó tàbí lórí òrùlé, níbi tí iná wà. Òun ló ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ gbogbo àwọn kékeré. Bí kékeré kan bá jí tó ránṣẹ́ tán, ó máa ń tẹ́tí ní ẹ̀ẹ̀mejì fún ìgbà kúkúrú. Bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ fún un, ẹ fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ àgbà. Àgbà á dúró dè é títí yóò fi jí.

Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọn kò ní àgbà nítòsí. Ẹ̀rọ kan ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ èkejì láti fi lé ẹ̀kẹta lọ́wọ́. Àwọn wọ̀nyí gbọ́dọ̀ jí nígbà kan náà. Ó dà bí ọjà tí à ń ná ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún. Ẹni tó bá ṣi ọjọ́ kà á gbé ẹrù dé ọjà, kò ní bá ẹnì kankan níbẹ̀. Aago ẹ̀rọ kì í bára dọ́gba tán. Aago tó dára níwọ̀nba lè fi nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá méjì yàtọ̀ lóòjọ́. Ní oṣù kan, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú kan. Nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ máa tún aago wọn ṣe nígbà tí wọ́n bá pàdé. Ẹ bi oníṣẹ́ ẹ̀rọ bóyá tiyín ń ṣe bẹ́ẹ̀.

IBI TÍ OORUN PÚPỌ̀ KÒ YẸ

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ló yẹ kí ó sùn bákan náà. Iṣẹ́ tó ń ṣe ló máa sọ bí oorun rẹ̀ ṣe máa gùn tó.

Ẹ wo fìríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára. Inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín dígírì 2 sí 8. Àwọn abẹ́rẹ́ kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá dì bíi yìnyín, wọ́n ti bàjẹ́ nìyẹn, bí wọ́n tilẹ̀ yọ́ padà. Ojú lásán lè má mọ̀ ọ́n. Nọ́ọ̀sì á gún ọmọ, ìyá á máa rò pé ọmọ òun ti ní ààbò, kò sì ní in. Àwọn ẹ̀rọ tí OMS fọwọ́ sí fún fìríìjì máa ń kígbe bí inú fìríìjì bá ju dígírì 8 lọ fún wákàtí 10 láìdáwọ́ dúró, tàbí bó bá lọ sí ìsàlẹ̀ òdo pẹ̀lú ìdajì dígírì fún ìṣẹ́jú 60. Bí rédíò fìríìjì yín bá ń sùn fún wákàtí mẹ́fà kó tó jí, oorun yẹn ti pọ̀ jù. Bó bá ń jí ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, kò sí nǹkan tó máa fo òun kọjá, òkúta rẹ̀ á sì tún pẹ́.

Èyí tó ń ṣí omi tó sì ń tì í lẹ́bàá kànga yàtọ̀. Bí ẹ bá ní kó ti omi, ó gbọ́dọ̀ gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ gbára lé òkúta kékeré. Ẹ fún un ní iná gidi, kó wà lójúfò. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí oorun bá iṣẹ́ mu. Olùṣọ́ òru kì í sùn lóru, àgbẹ̀ sì ń sùn lóru kó lè ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án.

ÒKÚTA TÓ TI KÚ

Ọ̀rọ̀ yìí kan ìlera pẹ̀lú. Òkúta 1,040 lọ́dún, níbo ni ẹ máa kó wọn sí? Bí wọ́n bá jù wọ́n sínú oko, wọ́n á jẹrà, omi inú wọn á jáde. Omi òkúta alkalínì máa ń jó awọ ara àti ojú. Àwọn òkúta kan ní irin olóró nínú, ilẹ̀ àti omi kànga ló sì ń lọ. Bí ẹ bá jù wọ́n sínú iná, wọ́n lè bú gbàmù.

Àwọn òkúta pẹlẹbẹ tó dà bí bọ́tìnì léwu jù. Bí ọmọdé bá gbé e mì tó sì há sí ọ̀fun, ó lè jó ọ̀fun rẹ̀ láàárín wákàtí 2. Ẹ má dúró wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Ẹ má fi ipá mú un bì. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ẹ kó òkúta tó ti kú sínú ike tó ní ìdérí, kí ẹ gbé e sókè níbi tí ọwọ́ ọmọ kò tó. Ẹ sọ fún àjọ tó gbé ẹ̀rọ wá pé kí wọ́n máa kó o lọ. Ṣùgbọ́n òkúta tó dára jù fún ìlera wa ni èyí tí a kò rà. Ẹ̀rọ tó ń sùn ń dín òkúta kù láti 1,040 sí 20.

OHUN TÍ Ẹ MÁA BÈÈRÈ

Bí ẹnikẹ́ni bá gbé irú ẹ̀rọ yìí wá, kí ìgbìmọ̀ jókòó, kí ẹni tó mọ̀wé nínú wọn mú kàyé àti bírò, kó kọ ìdáhùn sílẹ̀:

1. mA mélòó ni gbogbo ẹ̀rọ náà ń mu bó bá sùn? Kì í ṣe rédíò nìkan o. Gbogbo rẹ̀.
2. Ẹ̀ẹ̀mélòó ló ń jí lóòjọ́? Ṣé a lè yí i padà fúnra wa?
3. Irú òkúta wo ló ń lò? Ṣé ó wà ní ọjà wa?
4. Ṣé ó ń sọ iye fóòtì òkúta rẹ̀ nígbà tó bá ń ránṣẹ́?
5. Iná kékeré wo ló wà lára rẹ̀? Ṣé a lè pa á?
6. Ta ni yóò máa ra òkúta lẹ́yìn tí ẹ bá lọ? Ta ni yóò kó èyí tó ti kú?

Bí wọn kò bá lè dáhùn ìbéèrè kìn-ín-ní, ẹ ní kí wọ́n lọ wọ̀n ọ́n wá. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn iná kò wọ́n, oníṣẹ́ rédíò tó wà lọ́jà sì máa ń ní in. Kò sí ìtìjú nínú ìbéèrè. Abèèrè kì í ṣìnà.

Bí ẹ bá sì gbà á, ẹ ya ojú ìwé kan sọ́tọ̀ nínú kàyé. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ fi òkúta sí i. Ẹ kọ iye fóòtì rẹ̀ ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan, ẹ̀yin fúnra yín á lè sọ fún àjọ èyíkéyìí bóyá ẹ̀rọ wọn ń sùn tàbí kò sùn. Irú iṣẹ́ yìí wà lára ohun tí a torí rẹ̀ kọ́ ìwé kíkà àti kíkọ: kí ẹnikẹ́ni má lè fi ẹnu lásán tàn wá jẹ.

Ọ̀rẹ́ mi òǹkàwé, ohun tí mo ní lọ́kàn nìyí. Ẹ̀rọ tó wà lójúfò ní gbogbo ìgbà kì í ṣe òṣìṣẹ́ tó dára. Òṣìṣẹ́ tó dára ni èyí tó jí lásìkò, tó jẹ́ iṣẹ́ tí a rán an, tó sì padà lọ sùn kí ó lè tún jí lọ́la. Irú èyí ni kí abúlé wa gbà.